Ta ni Hanno, atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ tí orúkọ gorilla ti inú ìwé rẹ̀ wá?

Ní nǹkan bíi ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi ni ìlú Carthage, tó wà ní Tùnísíà òde òní, rán Hanno lọ tẹ ìlú dó sí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àkọsílẹ̀ ìrìnàjò náà ní ọkọ̀ ojú omi 60 àti èèyàn 30,000 ló kó lọ.

Hanno gbé ìròyìn rẹ̀ sí tẹ́ńpìlì nígbà tó padà dé, ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni ẹ̀dà tó kù fáyé kà.

Wọ́n kọjá òkè gíga kan tó ń yọ iná. Lẹ́yìn náà, ní erékùṣù kan, wọ́n bá àwọn ẹ̀dá onírun tí ògbufọ̀ wọn pè ní gorillai. Àwọn akọ sá gun àpáta, wọ́n ń sọ òkúta. Ọwọ́ tẹ abo 3. Wọ́n ń gé àwọn tó mú wọn jẹ, wọ́n sì ń ha wọ́n léèékánná, títí wọ́n fi pa wọ́n, tí wọ́n sì bó awọ wọn lọ sí Carthage. Oúnjẹ tán, Hanno ṣẹ́rí padà.

Ní 1847, oníṣègùn Amẹ́ríkà, Thomas Savage, rí agbárí ìnàkí ńlá kan ní ẹnu odò Gabon, níbi tí Libreville wà lónìí, tí Akanda sì múlé gbè é. Orúkọ inú ìwé Hanno ló fún un.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá Hanno dé Gabon. Kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹranko ni àwọn 3 tí wọ́n bó láwọ náà, kì í ṣe obìnrin ilẹ̀ wa.