SHEIKH MUHAMMAD AL-KISHNAWI, ONÍMỌ̀ ÌṢIRÒ LÁTI KATSINA

Kò sí ẹni tí kò tíì rí àpótí onílà tí àwọn ààfáà máa ń kọ òǹkà sí nínú tírà, yálà nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níhìn-ín tàbí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé báwo ni òǹkà náà ṣe dé ibẹ̀, a óò ní bí a ṣe bá a nínú ìwé nìyẹn. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Fúlàní ni Sheikh Muhammad ọmọ Muhammad, ará ilẹ̀ Katsina. Ìdí nìyí tí àwọn Lárúbáwá fi ń pè é ní al-Kishnawi. Òkè Ọya ni ó ti kàwé kí ó tó lọ sí Haji ní 1730. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà. Lẹ́yìn Haji ó lọ jókòó sí Kairo, níbi tí ó ti kọ ìwé kan ní 1732 lórí ìmọ̀ àpótí òǹkà yìí, tí à ń pè ní awfāq.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ fa ilé 9, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ kọ 4, 9, 2 sí òkè. 3, 5, 7 sí àárín. 8, 1, 6 sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀ ní ìbú, ní òòró, tàbí láti igun dé igun, 15 ni. Èyí kéré. Àwọn òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì ni Sheikh gbájú mọ́, títí dé 11: ilé 121, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ 671!

Ibi tó le nìyí. Àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ilé 9, a lè kó àpótí kékeré yẹn 9 jọ, kí a máa bu òǹkà kún wọn, kí a fi kọ́ ọ, nítorí 3 lọ́nà 3 ni 9. Ṣùgbọ́n 5, 7 àti 11 kò gba èyí. Kò sí òǹkà tó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn, nítorí náà odindi ni a gbọ́dọ̀ kọ́ wọn. Ẹni tí kò ní ìlànà yóò kọ, yóò pa rẹ́, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìlànà náà ni Sheikh kọ sílẹ̀, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ náà sú òun. Ní tiwa, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí tírà. Ohun tó ń dùn wá ni pé a di àpótí mú, a sọ ìṣirò inú rẹ̀ nù.

Sheikh kò padà wálé mọ́. Kairo ni ó kú sí ní 1741, ọdún 63 kí jíhàdì Sheikh Usman Dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni Hasan al-Jabarti, tí òun náà di onímọ̀ ìṣirò. Ọmọ Hasan, Abd al-Rahman, tí a bí lẹ́yìn ikú Sheikh, ni ó kọ ìtàn àlejò bàbá rẹ̀ yìí sínú ìwé ìtàn Íjíbítì.