Jimi Hendrix, ọlọ́wọ́ òsì tó mú gìtá sán bí ààrá

Bí ọmọ kan bá tan orin métal sílẹ̀ nínú ilé lónìí, kí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa àgbà? A ó ní orin Sàtánì ni, orin àwọn amugbó ni, ariwo òyìnbó tí kò lórí tí kò nídìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Lomé wa níbí, àwọn ọmọ Togo kan wà tó ń kọ ọ́. Arka'n Asrafokor lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n gbé àwo orin tó ń jẹ́ Za Keli jáde lọ́dún 2019, wọ́n da ìlù ilẹ̀ Ewe pọ̀ mọ́ gìtá tó ń bú ramúramù, wọ́n sì ti gbé e dé Yúróòpù.

Ká tó dájọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká mọ ibi tí orin náà ti ṣẹ̀ wá. Ọkùnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ onígìtá métal kà sí bàbá. Adúláwọ̀ ni, Jimi Hendrix lorúkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 1970. Ìtàn rẹ̀ rèé.

Ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n bí i ní ìlú Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 17 péré ni Lucille ìyá rẹ̀. Al bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kò sí nílé. Johnny Allen ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ náà. Nígbà tí bàbá dé, ó yí orúkọ padà lọ́dún 1946, ó di James Marshall. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tiwọn ò tòrò. Ọtí wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, owó ò sí. Ní 1951, tọkọtaya náà kọ ara wọn sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí Lucille bí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1958, Lucille kú. Jimi ò tíì pé ọmọ ọdún 16, bàbá ò sì mú òun àti Leon àbúrò rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú ìyá wọn. Ọmọ tí kò rí ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ẹkún wo ló fẹ́ sun tí yóò tán?

Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé sọ́wọ́ bíi pé gìtá ni. Lọ́jọ́ kan tó ń bá bàbá rẹ̀ kó pàǹtírí nílé onílé, ó rí gìtá kékeré kan tó ku okùn kan ṣoṣo. Okùn kan náà ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1958 ó ní gìtá gidi àkọ́kọ́ rẹ̀, dọ́là 5 ni wọ́n rà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá ra gìtá oníná fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá jọ ti ilé wa. Ọlọ́wọ́ òsì ni Jimi. Àwa náà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Leon sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá àwọn gbà pé ọwọ́ òsì jẹ́ àmì Sàtánì, kò sì fẹ́ kí Jimi fi ta gìtá. Bí bàbá bá wà nítòsí, ọmọ á fi ọwọ́ ọ̀tún ta á. Bí bàbá bá yísẹ̀ padà, ó di ọwọ́ òsì. Gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún náà ló ń dorí rẹ̀ kodò tí ó ń ta, títí tó fi di gbajúmọ̀. Ẹ wò ó, wọn ò tíì gbọ́ orin kan lẹ́nu ọmọ náà tí wọ́n ti ń fi Sàtánì pè é, nítorí ọwọ́ tí Ọlọ́run fi dá a.

Ìgbésí ayé rẹ̀ ò mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú o. Lọ́dún 1961, ọlọ́pàá bá a lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ tí wọ́n jí. Wọ́n ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí iṣẹ́ ológun, ó yan ológun. Ó wọṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, wọ́n sì fi í sí ẹgbẹ́ 101st Airborne, àwọn tó ń fò bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ló ti pàdé Billy Cox, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣeré títí dé òpin. Iṣẹ́ ológun ò bá a lára mu, wọ́n ní kó máa lọ ní 1962.

Lẹ́yìn náà ló wá gba ọ̀nà oko olórin. Ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà yẹn, adúláwọ̀ ò gbọdọ̀ jókòó níbi tí òyìnbó jókòó sí. Ilé ijó àwọn adúláwọ̀ ni Jimi ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀gá lọ. Ó ta gìtá lẹ́yìn Isley Brothers, ó ta á lẹ́yìn Little Richard. Ọmọ ẹ̀yìn ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ní 1966, Chas Chandler, òyìnbó kan tó jẹ́ olórin fúnra rẹ̀, rí i ní New York, ó sì mú un dé London ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ fetí sílẹ̀: ilẹ̀ Faransé ni ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, Jimi Hendrix Experience, ti kọ́kọ́ ṣeré. Ìlú Évreux ni, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1966, níwájú àwọn èrò tó wá wo Johnny Hallyday. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n wà ní Olympia ní Paris. Kí ọdún tó parí, orin Hey Joe ti jáde ní London. Lọ́dún 1967, àwo Are You Experienced tẹ̀ lé e.

Kí ló wá wà nínú ariwo yẹn? Gìtá oníná ní òòfà kéékèèké lábẹ́ okùn irin rẹ̀. Bí okùn bá gbọ̀n, òòfà á sọ ìgbọ̀n náà di iná, wáyà á gbé e lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnga. Bí èèyàn bá yí ẹ̀rọ náà sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á fọ́, á máa kùn. Bó bá tún gbé gìtá kojú ẹ̀rọ, ohùn á padà wọnú okùn, á sì máa hu, bí gbohùngbohùn ṣe máa ń hu ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìnáwó tí gbogbo wa á fi dietí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sá fún, Jimi sọ ọ́ di ohùn orin. Bí onígángan ṣe ń fún awọ ọṣán kí ìlù lè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fa okùn gìtá tí ó ń sunkún, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ariwo lásán kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1967, ní Monterey ní Amẹ́ríkà, ó da epo sórí gìtá rẹ̀ lójú agbo, ó sì fi iná sí i. Àwòrán yẹn lọ káàkiri ayé. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ẹbọ ni ó rú, àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní ẹ̀mí èṣù ni. Nígbà tí àwo Electric Ladyland dé ní 1968, orin tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ń jẹ́ Voodoo Child. Ó parí nìyẹn, wọ́n ní a ò kúkú sọ fún yín!

Ṣùgbọ́n ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Vodun ni, ọ̀rọ̀ àwọn Ewe àti Fọn, etíkun wa yìí ni wọ́n ti kó àwọn tó ń sọ ọ́ lẹ́rú lọ sí Haiti àti Louisiana. Fíìmù òyìnbó ló sọ ọ́ di ohun ẹ̀rù. Àwa tí à ń gbé Baguida, yálà a jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, a mọ àwọn aládùúgbò wa tó ń bọ vodun. A jọ ń pọnmi ni, a jọ ń nájà ni. A mọ̀ pé orúkọ yẹn nìkan ò tó láti fi pe èèyàn ní ẹni ibi.

Lọ́dún 1969, ní oṣù kẹjọ, ó ṣeré ní Woodstock, ó sì fi gìtá nìkan kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́. Ó mú kí gìtá ké bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní ó tàbùkù àsíá. Wọ́n gbàgbé pé ológun ni òun náà tẹ́lẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi ṣeré ní títì ní Harlem, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, láti ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Àwọn adúláwọ̀ bíi tirẹ̀ ju ìgò àti ẹyin lù ú. Orin òyìnbó ni wọ́n pe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ bá tiwọn lọ, àmọ́ kò sá, ó ta gìtá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdì kejì náà o. Ní oṣù kìíní 1968, ní Sweden, ó mutí yó, ó ba yàrá òtẹ́ẹ̀lì jẹ́, ọlọ́pàá mú un, ó san owó ìtanràn. Ní oṣù karùn-ún 1969 wọ́n bá egbòogi olóró nínú ẹrù rẹ̀ ní Toronto. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní ìparí ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń lo egbòogi. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 1970, ní London, ó ti gbé oògùn oorun mì ju ìwọ̀n lọ, ó sì bì nínú oorun, èébì sé e lọ́nà ọ̀fun. Bó ṣe kú nìyẹn, lọ́mọ ọdún 27. Ìlú Renton lẹ́bàá Seattle ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Voodoo Child gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórin ò sí láyé mọ́.

Lọ́dún 1970 kan náà ni Black Sabbath gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ métal. Tony Iommi tó ń ta gìtá wọn, ọlọ́wọ́ òsì lòun náà. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló gé orí ìka rẹ̀ méjì, ó fi ike tó yọ́ ṣe ìdérí ìka, ó sì ń ta gìtá rẹ̀ lọ. Ní Èkó, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, Berkley Jones, Laolu Akins àti Odumosu, dá BLO sílẹ̀ ní 1972, gìtá tiwọn náà ń hu. Ẹ ò rí i pé orin yìí ti tipẹ́ wọ ilé wa?

Ṣé orúkọ burúkú tọ́ sí i, àbí kò tọ́? Lójú tèmi, ó tọ́ sí egbòogi, kò tọ́ sí gìtá. Oògùn ló pa Jimi, ọmọ tó bá fẹ́ fara wé e, ọwọ́ rẹ̀ ni kó wò, kó má wo ìgò rẹ̀. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì lórí zémidjan lónìí, gìtá kọ́ ló gbé e wọ̀lú. Àwọn tó ń gbé e mì, orin tí gbogbo wa ń jó sí ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹ rántí pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kọ ìlù wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan, wọ́n ní ti kèfèrí ni. Lónìí gángan ń dún níwájú pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó ń sá. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tan métal, ẹ ní kó dín in kù kí aládùúgbò lè sùn, ìyẹn ẹ̀tọ́ yín ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ìbànújẹ́ bá wà nídìí rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀. Ọmọ tó wà ní Seattle yẹn, ìyá rẹ̀ kú, kò rẹ́ni bá sọ ọ́. Gìtá nìkan ló dá a lóhùn.