Basil Brown: Ọkùnrin tó fi iléèwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, tó wá hú ọkọ̀ ọba jáde nínú iyanrìn

Bí ẹ bá ti wo fíìmù The Dig, èyí tí Netflix gbé jáde lọ́dún 2021, ẹ ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ralph Fiennes ló ṣe é níbẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí Voldemort inú Harry Potter. Ṣùgbọ́n Basil Brown kì í ṣe ẹ̀dá inú fíìmù o. Ó gbé ayé, ó ṣe wàhálà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nípa àwọn baba ńlá wọn padà. Bí mo ṣe ń ka ìtàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń fà lójoojúmọ́ ní Nàìjíríà: ṣé satifíkéètì ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní abúlé Bucklesham, nítòsí ìlú Ipswich, ní àgbègbè Suffolk tó wà ní etí òkun lápá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bí i tí wọ́n fi kó lọ sí abúlé Rickinghall, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ àgbà ní àwọn ìwé kan nípa ìràwọ̀ àti ojú ọ̀run, àwọn ìwé yìí ni Basil kékeré ń kà mọ́jú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, ó kúrò níléèwé, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko. Kò tún padà sí kíláàsì ojúmọmọ mọ́ láyé rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó pa ìwé tì. Lálẹ́, tó bá ti oko dé, ó ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí èèyàn, bí àwọn kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin ń ṣe lórí fóònù báyìí. Lọ́dún 1907 ó gba dípúlómà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, ìmọ̀ nípa ayé àti ìmọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní èdè Látìn àti Faransé, ó sì mọ díẹ̀ nínú èdè mìíràn. Lọ́dún 1932 ó ṣe ìwé kan jáde lórí àwọn máàpù ojú ọ̀run, ìwé tó jinlẹ̀ débi pé wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún 1968.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò bọ́ ilé. Ó ti gbé Dorothy May níyàwó lọ́dún 1923, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sì kéré ju ohun tó lè bọ́ tọkọtaya lọ. Ìyà jẹ wọ́n gan-an. Ní 1934 ó pa oko tì. Ó ṣe iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológere káàkiri abúlé. Bó bá sì ti ń lọ, ojú rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ó ń wo ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ ti yàtọ̀, ó ń wo àwókù ìkòkò tí àwọn tó ń túlẹ̀ hú jáde. Báyìí ló ṣe rí ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń sun ìkòkò ní Wattisfield. Èyí ló mú un dé mùsíọ́ọ̀mù Ipswich, níbi tí Guy Maynard tó jẹ́ alábòójútó ibẹ̀ ti ń gbé iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni o. Bí iṣẹ́ bá tán, owó tán.

Kí ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa etí òkun yẹn. Lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù kúrò nílẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, àwọn èèyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ wá láti ibi tí a ń pè ní Jámánì àti Denmark lónìí. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Angle àti Saxon. Ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò wọn, odò ni títì wọn. Nítorí náà ẹnu odò tó ṣàn wọ òkun ni wọ́n ń tẹ̀dó sí: Orwell, Deben, Alde. Orúkọ àwọn Angle yìí ló di England. Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé, igi sì ń jẹrà. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ ohunkóhun sílẹ̀ kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn wọn, àfi kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀.

Lókè odò Deben, ní òdìkejì ìlú Woodbridge, ibì kan wà tó ń jẹ́ Sutton Hoo. Àwọn òkìtì ńláńlá wà níbẹ̀ tí koríko ti bò. Edith Pretty, opó olówó kan, ló ni ilẹ̀ náà, ó sì wù ú kó mọ ohun tó wà nínú wọn. Ó bá àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù Ipswich sọ ọ́, wọ́n sì rán Brown sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 1938. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣílè 30 lọ́sẹ̀. Ilé dẹ́rẹ́bà Ìyáàfin Pretty ló ń sùn.

Lọ́dún yẹn ó ṣí òkìtì mẹ́ta. Olè ti débẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti kó gbogbo ohun tó dára lọ. Àmọ́ nínú ọ̀kan, ó rí àwọn ìṣó irin kan tó ti dógùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Brown rántí pé ní Snape, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ti rí ọkọ̀ kan nínú ilẹ̀ lọ́dún 1862. Wọ́n lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Aldeburgh létí òkun, wọ́n fi ìṣó wé ìṣó. Bákan náà ni wọ́n rí! Ó wá yé e pé inú ọkọ̀ ni àwọn èèyàn yìí ń sin àwọn ẹni ńlá wọn sí.

Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkìtì tó tóbi jù ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1939, ó ti mọ ohun tó ń wá. Àwọn méjì tí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́ ni Jacobs tó ń tọ́jú ọgbà, àti Spooner tó ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìṣó irin yọjú.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Kò sí pákó ọkọ̀ kankan mọ́ nínú ilẹ̀ yẹn. Iyanrìn ibẹ̀ ti jẹ gbogbo igi tán láti nǹkan bí 1,300 ọdún. Ohun tó kù ni ìṣó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti àwọ̀ dúdú díẹ̀ lára iyanrìn níbi tí pákó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá fa ìṣó kan yọ, tàbí tó fi ṣọ́bìrì wọlé gàràgàrà, ọkọ̀ náà ti parẹ́ nìyẹn. Brown fi ìṣó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ síbi tó wà. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ọ̀bẹ kékeré àti ẹwìrì ló fi ń gbá iyanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrísí ọkọ̀ tó gùn tó mítà 27 ti jáde kedere nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ tí kò sí mọ́, gbogbo èèyàn ń rí i.

Olè ti gbìyànjú níbẹ̀ náà. Wọ́n gbẹ́ ihò wọnú òkìtì náà láti òkè, ní ibi tí wọ́n rò pé ó jẹ́ àárín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ti gé apá kan òkìtì náà kúrò tipẹ́, nítorí náà àárín tí olè ń wò kì í ṣe àárín gidi. Wọ́n tàsé ìṣúra, wọ́n lọ.

Ìròyìn ọkọ̀ yìí kò pẹ́ kó tó tàn. Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin. Charles Phillips dé láti yunifásítì Cambridge, àwọn ará British Museum gbọ́, ìjọba náà gbọ́. Wọ́n wò ó pé iṣẹ́ náà ti ju ẹni tí kò ní dìgírì lọ. Nígbà tó di oṣù Keje, Phillips ló gba àkóso. Brown, ẹni tó rí ọkọ̀, di ẹni tó ń ti bárò, tó ń gbẹ́ eteetí, nígbà tí àwọn mìíràn wọ yàrá ìsìnkú tó wà láàárín ọkọ̀ náà. Peggy Piggott, awalẹ̀pìtàn obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ló kọ́kọ́ rí wúrà níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Keje.

Mi ò fẹ́ pa irọ́ mọ́ Phillips o. Ọ̀jáfáfá ni, ogun sì ti ń rùn bọ̀, wọ́n nílò èèyàn púpọ̀ kí wọ́n lè yára. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin olóko yẹn bá ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣó àkọ́kọ́, kò ní sí nǹkan tí Cambridge máa wá gbà.

Ohun tí wọ́n kó jáde ju 260 lọ. Akoro ogun tó ní ojú àti imú bíi ti èèyàn, idà, asà, ìdè bẹ́líìtì tí wọ́n fi wúrà ṣe, àpò owó tó ní owó wúrà 37 láti ilẹ̀ tó di Faransé lónìí. Àwo fàdákà ńlá kan ní òǹtẹ̀ Anastasius, olú ọba tó jókòó sí Constantinople. Àwọn tí wọ́n ti ń pè ní ará oko tí ojú wọn kò là, wọ́n ń bá òkè òkun ṣòwò! Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Rædwald, ọba East Anglia tó kú ní nǹkan bí ọdún 624, ni wọ́n sin síbẹ̀.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ, wọ́n jókòó ní abúlé Sutton láti mọ ẹni tó ni ín. Òfin wọn nígbà yẹn ni pé bí wọ́n bá fi wúrà pa mọ́ pé àwọn yóò padà wá mú un, ìjọba ló ni ín. Bí wọ́n bá sin ín pẹ̀lú òkú, onílẹ̀ ló ni ín. Wọ́n dá a fún Ìyáàfin Pretty, òun náà sì fi gbogbo rẹ̀ ta British Museum lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ogun bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó ìṣúra náà pa mọ́ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan ní London. Àwọn sójà sì ń wa ọkọ̀ ogun kọjá lórí àwọn òkìtì yẹn.

Brown padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá mùsíọ́ọ̀mù Ipswich ṣe é títí di 1961. Ìgbà tó ti darúgbó ni ìjọba tó ń fún un ní owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀. Ó kú ní Rickinghall ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1977, lẹ́ni ọdún 89. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn lè wo àwọn ẹrù Sutton Hoo látòkèdélẹ̀ ní British Museum láìrí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ní Rendlesham, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí Sutton Hoo, wọ́n ti rí ibi tí àwọn ọba náà ń gbé gan-an. Lọ́dún 2022 wọ́n kéde pé àwọn rí ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn kan tó gùn tó mítà 23. Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ.

Poli ni èmi fúnra mi ti jáde, mo sì mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá wo satifíkéètì rẹ kí wọ́n tó wo iṣẹ́ rẹ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó fi iléèwé sílẹ̀. Brown fúnra rẹ̀ kò dẹ́kun ìwé kíkà lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo rí kọ́ ni nǹkan mìíràn. Ojoojúmọ́ ni Brown ń kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀ nínú ìwé. Ọjọ́ tó rí ìṣó, ibi tó ti rí i, ẹni tó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ lè padà wá, nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum. Yàrá 41 ni ẹrù Sutton Hoo wà. Nínú ilé kan náà, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ọdún tí Brown kọ́kọ́ dé Sutton Hoo. Ìpìlẹ̀ ilé ni àwọn lébìrà ń gbẹ́ tí wọ́n fi bá a pàdé. Ta nínú wa ló lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn? Ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ o, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i.