ÌTÀN TESILIMI BALÓGUN, ẸNI TÍ A Ń PÈ NÍ THUNDER

Kì í ṣe àwọn tí ó dúró lórí àga ìwàásù tàbí tí ó jókòó ní ipò ìjọba nìkan ni ó yẹ kí á kọ ìtàn wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀bùn Ọlọ́run pọ̀, wọn kò sì rí bákan náà: ó fi òmíràn sí ẹnu, ó fi òmíràn sí ọwọ́, ó sì fi òmíràn sí ẹsẹ̀. Ní oṣù yìí, àwa fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ẹ̀bùn tirẹ̀ wà ní ẹsẹ̀, èyíinì ni olóògbé Tesilimi Balógun.

Ìdí tí a fi yan ìtàn yìí ni pé, láti Ìkirè dé Àpòmù àti ní gbogbo ìletò tí ó wà ní etí odò Ọ̀ṣun, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí ó fi ìwé sílẹ̀ tí ó tọ bọ́ọ̀lù lọ. Àwọn baba a mú pàṣán, àwọn ìyá a máa sunkún. Ó dára kí á mọ ohun tí ẹnì kan tí ó tọ bọ́ọ̀lù lọ fi ayé rẹ̀ ṣe.

Èkó ni a bí Balógun sí, ní nǹkan bí ọdún 1927. Ní ìgbà èwe rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Èkó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ni ti Marine, ti Rélùwéè, ti U.A.C. àti ti Pan Bank. Ọkùnrin gíga ni, iwájú sì ni ipò rẹ̀, níbi tí a ti ń wá ayò. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ilé, agbára rẹ̀ a máa ba aṣọ́lé lẹ́rù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Thunder, tí í ṣe Àrá. Àwọn àgbà Èkó a sì máa ròyìn pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ya àwọ̀n.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1949, a yan àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún láti Nàìjíríà, Balógun sì wà lára wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Apapa, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Liverpool. Ẹnu ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn àlejò wọn kò wọ bàtà. Síbẹ̀, ní ìdíje wọn àkọ́kọ́, wọ́n fi ayò 5 sí 2 borí ẹgbẹ́ Marine ti Crosby. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ náà. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Sàró, níbi tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà ti fi ayò 2 sí òdo borí àwọn onílé ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀kítóbà.

Ní ọdún 1955, Balógun tún padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough United. Ní ọdún 1956, Queens Park Rangers ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ó sì di ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdíje Líìgì 13 ni ó bá wọn gbá, ayò 3 ni ó sì jẹ. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Holbeach àti Skegness, tí í ṣe ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké.

Ẹni tí ó bá fi ayò nìkan wọn ọkùnrin yìí yóò sọ pé irè oko rẹ̀ ní òkè òkun kò tó nǹkan. Àwa kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ojú ọ̀nà kì í fi ẹsẹ̀ rìn tó ẹni tí ó bá ọ̀nà nílẹ̀. Ju èyíinì lọ, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní ilé, Thunder kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tán. Ó tún jókòó bí ọmọ ilé ìwé, ó kọ́ bí a ti ń kọ́ ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù gbígbá, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. A máa ń kà á sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kìn-ín-ní tí ó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ó kó ẹ̀kọ́ náà wá sí ilé. Ó wà lára àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mexico ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa pàdánù sí ọwọ́ Japan àti Spain, ṣùgbọ́n wọ́n bá Brazil gbá a ní ọ̀mì, ayò 3 sí 3.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 30 oṣù Júláì ọdún 1972, Balógun sùn ní Ìbàdàn, kò sì jí mọ́. Kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ní Surulere ní Èkó, pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1984, a kò sì ṣí i títí di ọdún 2007.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, agbára ẹsẹ̀ kì í pẹ́ lára ènìyàn. Ogún ọdún kò pé kí ó tó di ìtàn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a bá fi kọ́ ẹlòmíràn kì í bá oní-nǹkan wọ ibojì; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi pàṣán lé ẹ̀bùn jáde lára ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà rò pé ẹ̀bùn láìsí ẹ̀kọ́ tó fún un. Kí ó mú ìwé àti bọ́ọ̀lù dání pọ̀, kí ó sì mọ̀ pé a ó bi òun léèrè ohun tí òun fi tálẹ́ńtì tí a fi fún òun ṣe. Kí Olúwa kí ó ràn wá lọ́wọ́ láti tọ́ wọn.