Sydney Ringer: Dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò omi ilé ìwòsàn

Bí ẹ bá ti gbé ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru dá dùbúlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn rí, yálà ní Sakété tàbí ní Pobẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àpò omi tí wọ́n so kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì, tí omi inú rẹ̀ ń kán wọ ara ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lára ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀: Ringer. Àwọn kan rò pé orúkọ oògùn ni. Orúkọ ènìyàn ni. Ìtàn ẹni náà la mú wá fún yín lónìí.

Ìlú Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Sydney Ringer ní ọdún 1835. Ní 1854, ó wọ University College ní London láti kọ́ṣẹ́ dókítà, ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé tó kọ nípa oògùn ní 1869 gbajúmọ̀ débi pé wọ́n tún un tẹ̀ léraléra. Tó bá ti bẹ àwọn aláìsàn wò tán, yàrá ìwádìí ló ń yà sí.

Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ló ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà nínú omi kí ọkàn tí wọ́n yọ kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́ lè máa lù síbẹ̀. Ní 1882, ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn onímọ̀ pé nínú omi iyọ̀ tí òun lò, ọkàn náà ń lù dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà kí nǹkan mìíràn má bàa sí nínú rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n fi po iyọ̀ náà. Omi ẹ̀rọ London ni wọ́n lò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ iṣẹ́ kan ló rò pé wàhálà omi sísè náà kò pọn dandan. Ringer tún un ṣe pẹ̀lú omi tó mọ́ pátápátá. Ọkàn náà ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ó wá fi kálísíọ̀mù díẹ̀ sí i, ìyẹn ohun tó ń mú egungun wa le, tó sì wà nínú ìkarahun ìgbín. Ọkàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ẹlòmíràn ì bá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, torí pé ẹni ńlá ni nígbà yẹn. Ringer kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1883, ó kọ ìwé mìíràn síta, ó jẹ́wọ́ pé ohun tí òun kọ tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà, ó sì sọ irú omi tó fa àṣìṣe náà. Lójú tiwa, ìjẹ́wọ́ yẹn ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ ga. Omi tó ti inú ìwádìí náà jáde ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Lẹ́yìn 1930, Alexis Hartmann, dókítà àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi laktéètì kún un, òun sì ni wọ́n ń so kọ́ lónìí.

Kálísíọ̀mù kò fi iṣẹ́ mọ sí ọkàn nìkan. Ẹran wà lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Tí kálísíọ̀mù bá wọ inú ẹran yìí, á fún, ọ̀nà á há, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì ga. Tó bá dín kù níbẹ̀, òpó á dẹ̀. Àwọn iṣan ìmọ̀lára, tó ń jẹ́ ká mọ ìrora àti ooru, tún yí òpó náà ká. Tí nǹkan bá ta wọ́n jí, wọ́n á tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń mú kí òpó ṣí. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ata bá kàn lára wa fi ń gbóná. Ìwádìí fi hàn pé kálísíọ̀mù tó wà lóde ẹran náà lè ta àwọn iṣan yìí jí. Nínú ẹran, ó ń fún òpó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, ó lè mú un dẹ̀.

Amlodipine tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ń dí ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú ẹran òpó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró láìbi dókítà, torí oògùn náà ló ń ṣe é.

Ringer náà mọ ìrora òbí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan kú ní kékeré, ó sì tún ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Lastingham ṣe ní ìrántí rẹ̀. Abúlé yẹn ló fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ ló sì kú sí ní October 1910. Kò rí ọjọ́ tí omi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ ọlọ́mọ là káàkiri ayé, títí dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí.