H. G. Wells, Baba Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1866 ni a bí Herbert George Wells ní ìlú Bromley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwo tánganran ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà, ọjà kò sì yá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Orí ibùsùn ni ìwé kíkà ti wọ̀ ọ́ lára.

Wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ aṣọ títà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 1884 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Thomas Huxley sì kọ́ ọ ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, Wells pàápàá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní 1887. Ọdún 1890 ni ó tó gboyè.

Ní 1895 ìwé rẹ̀, The Time Machine, jáde. Ní 1898 ni The War of the Worlds tẹ̀ lé e: àwọn ẹ̀dá láti Mars kógun ja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ọmọ-ogun kò ká wọn, àfi kòkòrò àìfojúrí tí ó pa wọ́n. Nínú ìwé náà ni Wells ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí bí Òyìnbó ti ṣe àwọn ará Tasmania. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò: ohun tí ìwé yìí ṣe fún àwọn agbókèèrè-jọba nìyẹn. Ìdí nìyí tí èmi fi fẹ́ràn rẹ̀.

Wells kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1946. Ẹ wá ìwé náà kà.