Ọrọnsẹn, Olorì Tí Gbogbo Ọ̀wọ̀ Ń Ṣí Gèlè Fún

Nígbà tí a jókòó láti ro ìtàn ẹni tí a ó kọ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan ní ká kọ ti olóṣèlú, àwọn kan ní ká kọ ti olówó. Ẹnu wa wá kò sórí obìnrin kan tí kò du ipò rí, tí kò sì ní ìsọ̀ lọ́jà, síbẹ̀ tí Ọba ń torí rẹ̀ dirun lọ́dọọdún. Ọrọnsẹn ni.

Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé, tí agogo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ọ̀wọ̀, tèwe-tàgbà ló ń sọ nípa Igogo. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ ọdún náà, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. Wọ́n á rí Ọba nínú ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á rí irun dídì, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. A ò sọ pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín o. Ọdún ni, eré wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ eré yẹn, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ nínú ilé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ.

ẸLẸ́SẸ̀ AJÉ

Ọ̀wọ̀ ti pẹ́ láyé. Ọjugbẹlu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Odùduwà, ni àwọn baba wa sọ pé ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde láti Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ fìdí múlẹ̀, àwọn Ọlọ́wọ̀ ń jẹ tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n máa ń ka ìgbà rẹ̀ sí. Òun ni ọkọ Ọrọnsẹn.

Bí àwọn àgbà ṣe ń pa ìtàn náà, inú igbó ni Ọba ti pàdé obìnrin yìí nígbà tó lọ ṣọdẹ. Ẹwà rẹ̀ kọjá sísọ. Ọba ò lè mójú kúrò lára rẹ̀, ló bá mú un wá sílé, ó fi ṣaya. Wọ́n ní kì í ṣe èèyàn lásán, òrìṣà ni. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò bá fàyè gbà á, ìtàn ilé baba rẹ̀ náà ni, kò sí aburú nínú kéèyàn mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ wa, oníṣọ́ọ̀ṣì wà, onímọ̀ṣáláṣí wà, àwọn tó ṣì ń bá ìṣẹ̀ṣe lọ náà wà. Gbogbo wa la jọ ni ìtàn Ọrọnsẹn.

Wọ́n ní àtìgbà tó ti wọ ààfin ni nǹkan ti ń rọ̀ṣọ̀mù fún Ọlọ́wọ̀. Owó ń wọlé, ohun tí Ọba bá dáwọ́ lé ń yọrí sí rere. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tó bá ti jókòó ti èèyàn nísọ̀, kọ́sítọ́mà á máa ya wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ ajé là ń pe irú wọn.

Ṣùgbọ́n Ọrọnsẹn ní èèwọ̀ mẹ́ta. Èkíní, wọn ò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá ti oko dé ò gbọ́dọ̀ ju ẹrù igi ìdáná mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn ò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tó bá wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò ní kí wọ́n kọ́ ilé fún òun nìkan. Kò ní kí wọ́n lé àwọn ìyáálé jáde. Kò tiẹ̀ ní kí wọ́n má jẹ ilá, pé kí wọ́n má lọ̀ ọ́ lójú òun ni. Ilá, igi, omi. Iṣẹ́ ilé obìnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin ààfin ò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú, torí kì í ṣe ọkùnrin ló ń lọ ilá. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lè pa èèwọ̀ yẹn mọ́, àwọn náà ló sì lè bà á jẹ́.

ỌJỌ́ TÍ ILÉ DÀRÚ

Ọba fẹ́ràn Ọrọnsẹn, kò sì fi pa mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé olórogún rí, ẹ ò nílò ká ṣàlàyé. A ò sì ní di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn olorì yòókù. Obìnrin tó ti wà nílé kí ilé tó lówó, tí ọkọ ò wá wojú rẹ̀ mọ́, ṣé ó yẹ kó máa jó ni? Ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kí Ọba ti fura.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà gbẹ̀san ni kò dáa. Wọn ò bá Ọba sọ ọ́. Wọn ò pe àgbà kan sí i. Ńṣe ni wọ́n dúró dìgbà tí Ọba ò sí nílé, wọ́n wá mú àṣírí tí wọ́n mọ̀ torí pé wọ́n jọ ń gbé, wọ́n fi ṣe ohun ìjà. Wọ́n lọ ilá lójú rẹ̀. Wọ́n da omi sí àgbàlá. Wọ́n ju ẹrù igi mọ́lẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀tá láti ìta nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sógun, kò sólè. Inú ilé ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, láàárín obìnrin sí obìnrin.

Ọrọnsẹn ò bá wọn pariwo. Ó dìde, ó jáde. Nígbà tí àwọn èèyàn Ọba máa mọ̀, ó ti jìnnà. Wọ́n sá tẹ̀ lé e dénú igbó tí a mọ̀ sí Ugbó Laja dòní, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Ó kọ̀. Òjá tó fi wé orí nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó lọ tán, ó ṣèlérí fún wọn pé tí wọ́n bá ń rúbọ sí òun lọ́dọọdún, òun á máa dáàbò bo ìlú, ọmọ àti owó ò sì ní wọ́n wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fojú kàn án mọ́.

Ẹ wá ro ti àwọn tó lé e jáde wò. Ajé tó bá a wọlé, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Ìyáálé ń jẹ níbẹ̀, ọmọ ìyáálé ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé lọ yẹn, oúnjẹ ara wọn ni wọ́n lé.

BÍ ẸKÚN ṢE DI ỌDÚN

Ohun tí ìlú wá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ló jọ wá lójú jù. Wọ́n lè bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú má ti ààfin. Wọn ò bò ó. Ọdún ni wọ́n fi ṣe.

Ọjọ́ 17 ni Igogo. Àwọn ìjòyè Ìloro ló ń ṣíde rẹ̀, Akọwa tó jẹ́ olórí wọn ló sì ń ṣáájú. Upeli ni wọ́n ń pe ìrìn wọn yẹn, ọjọ́ 12 ló sì ń gbà. Àwọn ará Ìloro yìí ni wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá wọn ti wà lórí ilẹ̀ kí àwọn tó ti Ifẹ̀ wá tó dé. Lásìkò ọdún, ìlù ò gbọ́dọ̀ dún. Agogo irin ni wọ́n ń lù, ibẹ̀ sì ni ọdún náà ti gba orúkọ. Ìbọn ò gbọ́dọ̀ dún. Ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ dé fìlà, obìnrin ò gbọ́dọ̀ wé gèlè. Nígbà tó bá wá kan Ọba, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á jáde nínú ẹ̀wù onílẹ̀kẹ̀, iyùn lọ́rùn, iyùn lọ́wọ́, irun orí ní dídì bíi ti obìnrin, àwọn ìjòyè ńlá náà á múra bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa jó. Wọ́n tún ń fi àsìkò náà yọ̀ fún iṣu tuntun.

Àwọn tó ń ṣe ìlànà ọdún náà ní àlàyé tiwọn, a ò bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n bí àwa tó ń wòran ṣe rò ó rèé. Òjá Ọrọnsẹn kù sẹ́yìn, ó lọ láìwé nǹkan kan sórí, gbogbo ìlú á wá ṣí orí sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Ariwo igi tí wọ́n jù mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó lé e jáde, ìlù àti ìbọn á wá dákẹ́ fún un. Ọba ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n fojú rẹ̀ gbolẹ̀, lọ́dọọdún ni Ọba á wá múra bí obìnrin, tí á jáde sí gbangba kí gbogbo ayé rí i. Lójú tiwa, ẹ̀bẹ̀ ni. Ijó ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí eré yẹn fi ń dùn tó sì ń wọni lára.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù ní Ugbó Laja. Ní 1971, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ nǹkan àtijọ́ lórílẹ̀-èdè wa, Ekpo Eyo, hú ilẹ̀ níbẹ̀. Ó bá àwọn ère tí wọ́n fi amọ̀ mọ: orí èèyàn, ọwọ́ tó di nǹkan mú, àti ẹkùn kan tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Ìwádìí fi wọ́n sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí kò jìnnà sí ìgbà tí àwọn àgbà ń sọ. Iṣẹ́ ọnà náà fi ojú jọ ti Ifẹ̀, ó sì fi ojú jọ ti Benin, torí Ọ̀wọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ère amọ̀ ò lè pe orúkọ Ọrọnsẹn fún wa o. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé igbó tí ìtàn ń tọ́ka sí, ibi ńlá ni lóòótọ́, àwọn tó sì mọ ère wọ̀nyẹn mọ iṣẹ́ wọn.

TÍ Ẹ BÁ Ń LỌ WÒRAN

Ẹ̀yin ará Ọ̀sẹ̀, láti Ìfọ́n, Ìdóànì, Òkèlúsẹ̀ àti Ùtẹ̀, ẹ má rò pé ti Ọ̀wọ̀ nìkan ni Igogo. Ẹ wá. Ẹ kó àwọn ọmọ dání. Kẹ́ ẹ tó wọ̀lú, ẹ tú gèlè, ẹ ká a sínú báàgì, kí bàbá sì bọ́ fìlà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má yin báńgà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ agogo. Àwa tí ìlù ti mọ́ lára, ó máa ń yà wá lẹ́nu pé irin lásán lè gbé ijó tó bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá béèrè ìdí tí Ọba fi dirun, ẹ má sọ pé àṣà ni, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ sọ ti ilá, igi àti omi fún un.

Ọ̀rọ̀ ilá, igi àti omi yìí kan àwa náà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Olúkúlùkù wa ló ní tirẹ̀. Ẹnì kan ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ gbèsè òun láàárín ọjà. Ẹnì kan ò fẹ́ kí wọ́n sọ ti ọmọ òun. A ti rí i níbì kan tí a ò ní dárúkọ. Obìnrin kan fẹ́ yáwó, ó sì sọ fún àwọn tó ń ṣàkóso pé ọkọ òun ti kó jáde nílé. Kó tó dọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti kárí ìsọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó san owó tó yá pé, ó gba owó tó ti dá jọ, ó lọ. Àwọn tó mú wọ ẹgbẹ́ náà bá a lọ. Wọ́n rán àwọn àgbà sí i títí, kò padà. Àwọn tó sọ ọ́ kiri ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tó yá tí àwọn náà fẹ́ yáwó, owó inú àpótí ò tó nǹkan mọ́.

Ọ̀wọ̀ ti fi nǹkan bí 600 ọdún bẹ Ọrọnsẹn, kò padà wálé. Ohun tó fẹ́ nígbà tó wà nílé ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ajé tó wọlé tọ̀ wá wá bínú jáde. Àmín.